Abẹ́rẹ́ Dípò Iṣẹ́ Abẹ: Ìtọ́jú Oyún Tó Dúró Síta Ilé Ọmọ

Ètò Ìlera àti Ọjà. Ẹ̀kọ́ tí a kọ sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ olùgbọ́. Kí ẹni tó mọ̀wé kà nínú ẹgbẹ́ kà á sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dáhùn àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ kí ẹ tó túká.

   

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, bí a ṣe ń parí ọ̀rọ̀ wa lórí iye tí wọ́n ń ta àgbàdo, fóònù dún. Bàbá kan ló pè láti abúlé kan lápá Kétu. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní: "Táǹtí, wọ́n ní oyún ìyàwó mi kò sí nínú ilé ọmọ. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n ní ká máa lọ sílé, ká padà wá ní ọjọ́ kẹrin àti ọjọ́ keje. Òní ló di ọjọ́ kẹrin. Inú ń run ún láti òru. Ìyá mi ní àwọn ará lópítà ti tàn wá, pé ta ló ń fi abẹ́rẹ́ kan wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn se àgbo fún un. Owó ọkọ̀ sì ti tán lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n gbé e padà ni, àbí kí n dúró wò ó?"

A kò dúró de ọjọ́ ètò ká tó dá a lóhùn. A sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé kó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bó ṣe parí, màá sọ ọ́ nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mo ronú lórí ìbéèrè rẹ̀ títí di alẹ́. A ti sọ̀rọ̀ aboyún títí lórí rédíò yìí, a kò tíì sọ ti eléyìí rí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lónìí.

Oyún wo nìyí?

Ilé ọmọ wà láàárín ìsàlẹ̀ ikùn obìnrin. Ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Ọ̀nà ẹyin nìyẹn. Inú rẹ̀ ni ẹyin obìnrin ti ń pàdé àtọ̀ ọkùnrin. Lẹ́yìn náà, oyún kékeré yẹn a máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ilé ọmọ, ibẹ̀ ni yóò sì fìdí kalẹ̀ sí.

Nígbà mìíràn kì í dé ibẹ̀. Ó há sójú ọ̀nà. Àìsàn tí a ń kó nínú ìbálòpọ̀ lè ti fi àpá sílẹ̀ nínú ọ̀nà náà. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ rí, tàbí pé irú oyún bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí obìnrin náà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣẹlẹ̀ sí, kò sí ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí lára wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé obìnrin náà ṣe ìṣekúṣe, kí ẹnikẹ́ni má sì wá ẹni tó ṣe é fún un.

Ilé ọmọ máa ń fẹ̀ bí oyún bá ń dàgbà. Ọ̀nà ẹyin kò lè fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbin iṣu sínú ìgò. Bí iṣu bá ń ta, ìgò á fọ́. Bí ọ̀nà ẹyin bá sì bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú ikùn níbi tí ojú kò tó. Obìnrin lè kú láàárín wákàtí díẹ̀, kó má sì sí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lára aṣọ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń béèrè pé, "Ṣé wọn kò lè tì í lọ sínú ilé ọmọ ni?" Rárá. Kò sí dókítà kankan tó lè ṣe é. Oyún tó dúró sí ọ̀nà ẹyin kò lè di ọmọ tí a óò gbé jó. Mo sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń dá ara wọn lẹ́bi. Ẹni tó gba ìtọ́jú yìí kò pa ọmọ. Ẹ̀mí ara rẹ̀ ló gbà là.

Ní lópítà wọn, wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ní lẹ́tà mẹ́ta: GEU. Bí ẹ bá rí lẹ́tà mẹ́ta yìí nínú ìwé àyẹ̀wò, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn.

Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ há sórí. Ìkíní, nǹkan oṣù kò dé lásìkò. Ìkejì, ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn, pàápàá ní apá kan. Ìkẹta, ẹ̀jẹ̀ ń wá díẹ̀díẹ̀, ó lè dúdú.

Ẹ̀jẹ̀ yìí ló ń tan àwọn obìnrin jẹ. Wọ́n á ní, "Nǹkan oṣù mi ló pẹ́, ó ti wá dé." Wọ́n á tún máa bá ọjà wọn lọ. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ kó tó dé, tó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí inú rírun sì bá a wá, ẹ má kà á sí nǹkan oṣù kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò fún yín.

Àyẹ̀wò ìtọ̀ á sọ bóyá oyún wà. Kò ní sọ ibi tó wà. Ekográfì, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú, ló ń wo ibi tó wà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní bẹ́tà HCG. HCG ni nǹkan tí oyún ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò náà á sọ iye tó wà níbẹ̀. Ẹ mú orúkọ yẹn dání, a ó padà sí i.

Abẹ́rẹ́ náà àti iṣẹ́ tó ń ṣe

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ abẹ nìkan ló wà. Ní ọdún 1982, dókítà kan ní ilẹ̀ Jèpáànù, Tanaka, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kọ̀wé pé àwọn fi oògùn kan tọ́jú irú oyún yìí. Orúkọ oògùn náà ni methotrexate. Nígbà tó di 1991, Stovall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí bí wọ́n ṣe ń fún obìnrin ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, tí yóò sì máa ti ilé wá fún àyẹ̀wò. Nítorí náà kì í ṣe ọgbọ́n àná, kì í sì í ṣe ẹ̀tàn.

Oyún tó ń dàgbà nílò vitamín kan tí wọ́n ń pè ní acide folique. Methotrexate kì í jẹ́ kó rí i lò. Ó dà bí ìgbà tí a dá omi dúró fún irúgbìn. Irúgbìn kì í gbẹ lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa rọ, tí ara obìnrin á sì máa fà á mu. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú yìí fi ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n gún abẹ́rẹ́.

Ẹ lè gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé oògùn jẹjẹrẹ ni. Òótọ́ ni pé wọ́n ń lò ó fún jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún oyún yìí kéré sí ti jẹjẹrẹ. Dókítà ló ń wo bí obìnrin ṣe ga tó àti bó ṣe wúwo tó kó tó wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe oògùn tí a ń wá lórí àtẹ. Bó bá jẹ́ inú ilé ọmọ ni oyún wà, oògùn yìí lè bà á jẹ́, tàbí kó sọ ọmọ di aláàbọ̀ ara.

Ta ni abẹ́rẹ́ yìí tọ́ sí?

Kì í ṣe gbogbo obìnrin. Ohun tí dókítà ń wò nìyí:

Ọ̀nà ẹyin kò tíì bẹ́, ara obìnrin sì dúró dáadáa, inú rírun rẹ̀ kò le.

Oyún náà kéré. Bó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 3 àbọ̀ tàbí 4 lọ, tàbí tí ọkàn rẹ̀ bá ti ń lù nínú ekográfì, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa ń yàn.

Iye HCG kò tíì pọ̀ jù. Bó bá ti ju 5000 lọ, abẹ́rẹ́ lè má ká a.

Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà dára nínú àyẹ̀wò. Kò fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́.

Obìnrin náà lè padà wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn gbọ́. Obìnrin náà lè padà wá. Dókítà lè rí i pé gbogbo nǹkan yòókù pé, kó tún wá béèrè pé, "Níbo lẹ ń gbé? Ta ni yóò gbé yín wá?" Kì í ṣe àṣejù. Bí kò bá sí ọ̀nà láti padà, iṣẹ́ abẹ ló sàn fún un. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo lópítà ló ní ekográfì, àyẹ̀wò HCG àti oògùn náà pọ̀. Agbẹ̀bí yín ló lè tọ́ka ibi tí ẹ máa lọ.

Bí a ṣe ń ka ọjọ́

Ọjọ́ tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ ni ọjọ́ kìíní. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n á tún gbà á ní ọjọ́ keje. Ẹ kà á bí àwọn bàbá wa ti ń ka ọjọ́ ọjà: ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ gan-an wà nínú kíkà. Bí wọ́n bá gún un lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin ni Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje sì ni ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn kan wà tó ń bẹ̀rẹ̀ kíkà tiwọn láti ọjọ́ kejì. Nítorí náà, ẹ má fi orí kà á. Kí ẹ tó kúrò ní lópítà, ẹ ní kí wọ́n kọ déètì méjèèjì sínú káàdì.

Ní ọjọ́ kẹrin, HCG lè pọ̀ ju ti ọjọ́ kìíní lọ. Ẹ má bẹ̀rù. Oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni. Láti ọjọ́ kẹrin sí ọjọ́ keje ni wọ́n ń wò. Ó gbọ́dọ̀ ti fi ìdá 15 nínú 100 dínkù, ó kéré tán. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí owó ọjà: bó bá jẹ́ 1000 ní ọjọ́ kẹrin, kò gbọdọ̀ ju 850 lọ ní ọjọ́ keje. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí kò fi ní sí HCG mọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gún abẹ́rẹ́ kejì, tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ ilé wa fún yín. Àbúrò ìyá mi ń ta gàrí. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ yìí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó padà lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ keje bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ yẹn náà sì ni ọjọ́ ọjà wọn. Ara rẹ̀ ti yá, kò sí ìrora kankan. Ó ní gàrí òun wà nílẹ̀, gbèsè wà lọ́rùn òun, òun á lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi fúnra mi gbọ́ ọ lórí fóònù, mo ní, "Ó dáa, Ìyá." N kò mọ̀ nígbà náà.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ó ṣubú níwájú ilé. Ọ̀nà ẹyin ti bẹ́. Ọmọ aládùúgbò tó ń wa zémì ló gbé e, èèyàn kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kó má baà já bọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ó yè. Ó ṣì ń ta gàrí lónìí, ó sì fún mi láṣẹ kí n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi ni pé: "Ìrora tó lọ ló tàn mí." Bí ó bá ti lọ lọ́jọ́ Ajé yẹn, ìwé àyẹ̀wò ni ìbá sọ fún wọn pé oògùn kò ká a.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ara ṣe ń ṣe èèyàn kọ́ ló ń sọ pé oyún yìí ti tán. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ló ń sọ ọ́.

Ohun tí a kì í ṣe lẹ́yìn abẹ́rẹ́

Ẹ má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aboyún. Acide folique wà nínú rẹ̀, yóò sì tako abẹ́rẹ́. Dókítà lè ní kí ẹ dín ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kù fúngbà díẹ̀ nítorí ìdí kan náà. Ẹ ṣe bó bá ti wí.

Ẹ má mu ọtí. Sódàbì, bíà, ẹmu, gbogbo rẹ̀ ni. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá oògùn náà ṣiṣẹ́.

Ẹ má lo ibuprofen, aspirin tàbí diclofenac, yálà ti ilé oògùn tàbí ti orí àtẹ. Bí inú bá ń run yín díẹ̀, paracetamol ni kí ẹ béèrè.

Ẹ má mu àgbo. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa ní ìmọ̀ ewé, n kò fojú di wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ewé yẹn àti abẹ́rẹ́ yìí máa ṣe fún ẹ̀dọ̀ bí wọ́n bá pàdé.

Kí obìnrin má gún iyán, kó má ru ẹrù wúwo, kó má pọn omi, kó má pẹ́ nínú oòrùn. Kí ọkọ àti aya má bá ara wọn lò pọ̀ títí dókítà á fi ní ó tó. Lẹ́yìn tí HCG bá tán, kí wọ́n má jẹ́ kí oyún mìíràn dé, ó kéré tán láàárín oṣù 3 sí ọjọ́ abẹ́rẹ́. Agbẹ̀bí á fún wọn ní ohun ìfètòsọ́mọbíbí.

Èébì díẹ̀, àárẹ̀, egbò ẹnu tàbí ìgbẹ́ gbuuru lè wáyé. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Ìgbà tí a kì í dúró

Inú rírun díẹ̀ láàárín ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ keje wọ́pọ̀. Oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà nílé kò lè fojú yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọ̀nà ẹyin tó bẹ́. Nítorí náà, bí inú rírun bá dé, ẹ pe lópítà, tàbí kí ẹ lọ.

Bí ẹ bá sì rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ má pe ẹnikẹ́ni kí ẹ tó gbéra: inú rírun tó le lójijì, òòyì tàbí dídákú, èjìká tó ń dùn láìjẹ́ pé ẹ fi kọlu nǹkan, nítorí ẹ̀jẹ̀ inú ikùn lè mú kí èjìká dùn, òógùn tútù pẹ̀lú ojú àti ètè tó funfun, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà púpọ̀. Kò sí ìmọ̀ràn ìdílé níbẹ̀. Kò sí pé bàbá kò tíì dé láti oko. Ọkọ̀ tàbí zémì tó bá sún mọ́ jù lọ ni kí ẹ wọ̀.

Bàbá tó pè wá ńkọ́?

Ẹgbẹ́ olùgbọ́ abúlé wọn ṣí àpótí àjọ, wọ́n yá a lówó ọkọ̀. Wọ́n dé lópítà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ekográfì fi hàn pé ọ̀nà ẹyin kò bẹ́. HCG ti gùn díẹ̀ ju ti ọjọ́ kìíní lọ, inú ìyá ọkọ kò sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ keje, ó ti wálẹ̀ dáadáa. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i kó tó tán pátápátá. Wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ. Ìyá ọkọ yẹn ni ó ń bá a pọn omi ní gbogbo àsìkò náà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá.

Wọ́n ti ní kó má gbàgbé ohun kan: bí oyún mìíràn bá dé, kó tètè lọ ṣe ekográfì, kó má dúró de oṣù kẹta. Nínú obìnrin 10 tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí, ó lè tún ṣẹlẹ̀ sí bí ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ló ń bímọ wọn láyọ̀.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ yìí

1. Kí obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ sọ àmì mẹ́ta oyún tó dúró síta ilé ọmọ láìwo ìwé.

2. Bí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ wo ni ọjọ́ kẹrin? Ọjọ́ wo ni ọjọ́ keje? Ṣé ọ̀kan nínú wọn lè bọ́ sí ọjọ́ ọjà yín? Ta ni yóò bá obìnrin náà jókòó ti ọjà rẹ̀?

3. Bí HCG bá jẹ́ 2000 ní ọjọ́ kẹrin, iye wo ni kò gbọdọ̀ kọjá ní ọjọ́ keje? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iléèwé bá yín ṣírò rẹ̀.

4. Èló ni owó zémì tàbí ọkọ̀ láti abúlé yín dé lópítà tó ní ekográfì, àlọ àti àbọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta? Ṣé ó wà nínú àpótí àjọ? Nọ́ńbà fóònù onízémì wo ló lè jí lóru?

5. Ẹ̀yin ọkùnrin: bí ẹ bá wà lóko, ta ni ẹ ti fún láṣẹ kí ó gbé ìyàwó yín lọ láìdúró dè yín?

Ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè kẹrin àti ìkarùn-ún sára ògiri ilé ìpàdé yín. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. A ti gbọ́ ti ogun yìí. Ó ku kí a di ẹrù sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó padà sí ọ̀rọ̀ àgbàdo tí kòkòrò ń jẹ nínú àká.